Orúkọ Wa Dé Orí Sinimá: Èdè Wa Ńkọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, àríyànjiyàn kan ń lọ láàrin wa tí kò yẹ kí a fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré kan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, orúkọ eré náà sì ni Iyanu. Eré àwòrán ni: àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́ran-ara, bí kò ṣe àwòrán tí a yà, tí a sì mú kí ó máa rìn kí ó sì máa sọ̀rọ̀. Kí ó tó di eré, ìwé alàwòrán ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Godwin Akpan, tí òun náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Dark Horse ti Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2021. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Lion Forge sọ ọ́ di eré.

Fún ẹni tí kò tíì rí i, báyìí ni ìtàn náà lọ. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan wà tí ń jẹ́ Iyanu, ní ilẹ̀ tí ìwé náà pè ní ilẹ̀ Yorùbá. Alágbàtọ́ rẹ̀, tí a ń pè ní Olori, ń tọ́ ọ lẹ́yìn odi ìlú Elu, ó sì ń kọ́ ọ ní ìtàn àti ọgbọ́n àtijọ́. Àwọn ẹranko ègún kan wà tí ń da ilẹ̀ náà láàmú. Ní ọjọ́ tí ewu dé bá ọmọ yìí, agbára kan tí a kò rí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà láéláé jáde lára rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni òun àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Biyi àti Toye, ti mú ọ̀nà pọ̀n láti wá orísun ibi tí ń ba ilẹ̀ wọn jẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kìíní wí pé kọ́míìkì àti sinimá àwọn akọni abàmì ń ba orí ọmọdé jẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni, ìbọ̀rìṣà sì fara pamọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà kí olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ kí ó sì jó o níná. Àwọn kejì wí pé ìtàn náà kò bá ìtàn àwọn baba wa mu. Wọ́n ní kò sí Iyanu láàrin àwọn akọni tí a ń kì, àti pé ìtàn tí a bá ti gbé láti ẹnu àgbà sínú ìwé alàwòrán, láti inú ìwé alàwòrán sínú sinimá, ti di àgbélẹ̀rọ. Àwọn kẹta ń pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Wọ́n ní ayé ti mọ̀ wá wàyí, orúkọ Yorùbá ti dé etí ọmọ òyìnbó, kí ni a tún ń wá?

Èmi kò sí lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé yín nínú ìwé yìí: pé gbòǹgbò ìtàn ni èdè tí a fi ń sọ ọ́, pé àwa Yorùbá ti fi ayọ̀ gba èso kan tí a kò bèèrè gbòǹgbò rẹ̀, àti pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣe eré yìí bí kò ṣe tiwa tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn kìíní lóhùn, nítorí wọn kò ṣọ̀wọ́n nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kí ni a ó ṣe sí ìwé Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ ti John Bunyan, tí David Hinderer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí èdè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún? Ẹni tí ó bá ti kà á mọ̀ pé òmìrán wà nínú rẹ̀, àti pé arìnrìn-àjò náà bá ẹ̀mí búburú abìyẹ́ wọ̀jà ní àfonífojì. Kí sì ni a ó ṣe sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúńwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí ìjọ C.M.S. tẹ̀ jáde ní ọdún 1938? Iwin kún inú rẹ̀ bí ewé inú igbó. Àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú wa kò jó o. Ìwé kíkà ni wọ́n fi í ṣe fún àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ń kọ Yorùbá dáradára lónìí sì jẹ́ ẹni tí ìwé náà tọ́ dàgbà. Ìwé tí olùkọ́ bá gbà tí ó jó, ọmọ yóò wá ẹ̀dà mìíràn kà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kò ti ní rí ẹni tí yóò bi ní ìbéèrè. Èwo ni ó sàn: kí ó kà á lójú wa ni, tàbí kí ó kà á lẹ́yìn wa?

Àwọn kejì mọ ìtàn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ohun tí eré kò jẹ wá ní gbèsè rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn Ṣàngó ṣe eré Ọba Kò So ní ọdún 1963. Bí a bá gbé eré náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí Samuel Johnson kọ nípa Ṣàngó sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1921, a ó rí i pé àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí a pa eré Ládiípọ̀ rẹ́. Ìtàn Mọremí pàápàá, nínú Ilé-Ifẹ̀ yìí tí ó ti ṣẹlẹ̀, bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà mẹ́ta, a ó gbọ́ ọ ní oríṣi mẹ́ta. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti wá ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ eléré ni láti mú kí ìtàn wọ ọkàn. Bí sinimá bá yàtọ̀ sí ìwé tí a ti fà á jáde, tàbí bí ìwé bá yàtọ̀ sí ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyẹn nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi. Ẹni tí ń ka ewé ara igi ni ẹni tí ń ka ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Gbòǹgbò ni ó yẹ kí ó wò.

Ó wá ku àwọn apàtẹ́wọ́, àwọn ni mo sì fẹ́ bá jà jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé Iyanu, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni a sì fi ṣe eré rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni ó wà níbẹ̀, aṣọ Yorùbá ni wọ́n wọ̀, àwọn òṣèré ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó yá àwòrán wọ̀nyí ní ohùn. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ láìsí èdè tí ó bí i? Ẹ jẹ́ kí a wo alágbàtọ́ ọmọ náà. Báyìí ni ìwé kọ orúkọ rẹ̀: Olori. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Yorùbá, ẹ bá mi pè é. Ṣé olórí ni, ẹni tí ó ṣáájú àwọn yòókù? Àbí olorì ni, aya ọba? Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, ipò méjì ni wọ́n, ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kan kò sì bá èkejì tan. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ohùn orúkọ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò mọ irú obìnrin tí ń bọ̀ kí obìnrin náà tó la ẹnu. Ẹni tí ó bá kà á láìsí àmì ohùn kò mọ nǹkan kan. Lẹ́tà márùn-ún ni ó rí.

Ẹ tún wo àwọn ẹranko ègún inú ìtàn náà. Orúkọ kan ni Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn tí a ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni a fi kọ ìtàn náà, òǹkọ̀wé ì bá dúró kí ó ronú. Ṣé iwin ni wọ́n ni? Ṣé ẹranko lásán tí a fi èpè dè ni? Bí èpè bá ni, ẹnìkan ni ó ṣẹ́ ẹ. Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ́ ẹ, ìdí kan wà tí ó fi ṣẹ́ ẹ, ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé àwa ni a kọ́kọ́ ṣẹ̀ ẹ́. Wò ó bí èdè wa ti ń fa òǹkọ̀wé lọ́wọ́ lọ sí ibi tí ìwà àti ẹ̀san wà! Èyí ni mo ń pè ní gbòǹgbò. Èdè kì í ṣe àpò tí a ń kó ìtàn sí nìkan. Òun ni ó ń sọ ohun tí ìtàn gbọ́dọ̀ béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn lásán ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a fi akọni tiwa wé akọni abàmì ti òkè-òkun. Ẹ rántí Mọremí. Àwọn ará Ìgbò ń wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù pẹ̀lú ìko lára wọn, àwọn ará Ifẹ̀ sì ń sá fún wọn nítorí wọ́n rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Obìnrin yìí lọ sí odò Ẹ̀sìnmìnrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì jẹ́ kí ọ̀tá mú òun lẹ́rú. Ní ilẹ̀ ọ̀tá ó di aya ọba, ó wá ìdí àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé láti wí fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ìko ni wọ́n rí, pé iná yóò ran ìko. Nígbà tí ìṣẹ́gun dé, ẹ̀jẹ́ dé pẹ̀lú rẹ̀. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò náà gbà. Títí di òní ni a ń rántí rẹ̀ nígbà ọdún Ẹdì, ère ńlá rẹ̀ tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ní ọdún 2016 sì wà ní ìlú Ifẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akọni inú kọ́míìkì a máa fi ìbòjú bo ojú kí ọ̀tá má ba à mọ̀ ọ́n. Mọremí kò bo ojú rẹ̀. Ìbòjú ọ̀tá ni ó ṣí. Agbára akọni abàmì sì sábà máa ń jẹ́ ohun tí ó bá wáyé tàbí ohun tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Agbára Mọremí jẹ́ ọgbọ́n àti ìgboyà, ó sì san owó rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí ní Yorùbá yóò bá ẹ̀jẹ́, ìpinnu, ẹ̀san àti ẹkún pàdé nínú rẹ̀. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan sọ ọ́ fún ọmọ Ifẹ̀, yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ nígbà tí ó bá wí fún un pé kí ó ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ́.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Bí Okupe bá fi Yorùbá kọ ọ́, ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà? Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá." Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, èmi kò sì dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ó mú ohun tí ó ní lọ sí ọjà tí ó rí, ó sì tà á dáradára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ pé àjèjì kì í gba ìtàn tí kò sí ní èdè rẹ̀. Ní ọdún 1964, Dúró Ládiípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí ìlú Berlin ní Jámánì, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é lójú àwọn òyìnbó, tìlù tìlù, tewì tewì. Ní Japan, Osamu Tezuka bẹ̀rẹ̀ ìwé alàwòrán rẹ̀ nípa ọmọkùnrin onírin, Tetsuwan Atomu, ní ọdún 1952 ní èdè Japan fún àwọn ọmọ Japan. Ní ọdún 1963 ni ó di eré tẹlifíṣọ̀n nílé, nínú ọdún náà gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Àwọn ará Japan kò dúró de Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́ ọmọ wọn, ayé sì wá tọrọ jẹ lẹ́yìn náà.

Ẹ tún wo sinimá Black Panther, tí ó jáde ní ọdún 2018. Òyìnbó Amẹ́ríkà méjì, Stan Lee àti Jack Kirby, ni wọ́n dá akọni náà sínú ìwé alàwòrán ní ọdún 1966, ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n sì fi í jọba lé lórí. Síbẹ̀, nígbà tí a fẹ́ sọ ìwé náà di sinimá, èdè Xhosa ti Gúúsù Áfíríkà ni a fi sí ẹnu àwọn ará ìlú náà ní àwọn ibì kan. Bí ìlú àfọkànrò tí òyìnbó dá sílẹ̀ bá lè sọ èdè Áfíríkà lójú gbogbo ayé, kí ni ó dé tí ilẹ̀ Yorùbá kò fi ní sọ Yorùbá? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọmọ wa kò bá gbé e láti ilé, kò sí bí yóò ti gbé e dé òde.

Kì í sì í ṣe pé àwa kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún 1938 ni a tẹ Superman jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Jerry Siegel àti Joe Shuster; òun ni ó di baba gbogbo akọni abàmì tí ń fò lójú sánmà. Ní ọdún 1938 kan náà ni ìwé Fágúńwà jáde, tí ọdẹ rẹ̀ Àkàrà-oògùn fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó. Ní ọdún yẹn gan-an, ní Agbolé Wúnmọníjẹ̀ nínú Ilé-Ifẹ̀ yìí, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé bá àwọn orí idẹ tí ó lé ní mẹ́wàá nínú ilẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ya àwọn ọ̀mọ̀wé ayé lẹ́nu. Ẹ gbé àwọn mẹ́ta yìí kalẹ̀ kí ẹ wò wọ́n. Nígbà tí Amẹ́ríkà rí akọni kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwa ti ní akọni nínú ìwé, a sì ti ní ojú àwọn baba ńlá wa nínú idẹ. Superman di sinimá lóríṣiríṣi. Ta ni ó gbé Àkàrà-oògùn lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ní àwòrán aláwọ̀ mèremère?

Ní ọdún 1975 ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwé alàwòrán kan tí wọ́n pè ní Powerman, tí wọ́n sì ń kó o wá sí Nàìjíríà fún títà. Akọni aláwọ̀ dúdú ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó bíi Dave Gibbons àti Brian Bolland ni wọ́n ń ya á, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ń sọ. Ní àkókò kan náà, ìwé Atọ́ka wà lórí àtẹ ní àwọn ọjà wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Èkó. Àwọn òṣèré alárìnjó wa ni a ń ya ní fọ́tò bí wọ́n ti ń ṣe eré, a ń to fọ́tò náà lẹ́sẹẹsẹ, a sì ń kọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ní Yorùbá. Kí ni èyí bí kò ṣe kọ́míìkì? Eré orí ìtàgé ni a ń sọ di ìwé alàwòrán níbẹ̀, kí irú eré bẹ́ẹ̀ tó wá máa di sinimá: Àjàní Ògún jáde ní ọdún 1976, Ayé ti Hubert Ògúndé sì tẹ̀lé e ní ọdún 1979. Láti ìtàgé dé ìwé, láti ìtàgé dé sinimá, èdè wa kò jábọ́ lọ́nà. Ẹni tí ó bá wí pé kò ṣe é ṣe, ìtàn ìlú rẹ̀ ni kò kà.

Wàyí o, kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìlànà kan pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé Yunifásítì. Ó ní èdè abínibí ni ó fa ìjákulẹ̀ àwọn ọmọ nínú ìdánwò ní àwọn apá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, orúkọ Yorùbá gun orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, a sì pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, a ní kí èdè tí ó ni orúkọ náà jáde kúrò ní kíláàsì, ìpàtẹ́wọ́ wa kò sì yí padà di igbe.

Níbí ni Ilé-Ifẹ̀ ti ní ẹ̀rí láti jẹ́, ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ sì ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ní ẹ̀kọ́ gbogbo; Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú ni a sì fi kọ́ wọn. A fi wọ́n wé àwọn ọmọ mìíràn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí a tó yí wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a wọn àbájáde rẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ dé òpin ṣe dáradára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí fún yín pé Yorùbá ni ń mú ọmọ jákulẹ̀, ẹ júwe Mọ́dákẹ́kẹ́ fún un.

Mo mọ̀ pé òfin kì í wá láti ọwọ́ olùkọ́, àti pé ẹni tí ń gba owó oṣù kò lè ba aṣẹ ìjọba jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí ó sọ Yorùbá ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́? Ta ni ó ní kí a so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ìjọba kọ́ ni ó kọ́ wa ní ìyẹn. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa ṣe é. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Olùkọ́ tí ó bá na ọmọ ní àárọ̀ nítorí èdè rẹ̀, tí ó sì jókòó ní alẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ó ń yọ̀ pé orúkọ Yorùbá ti dé Amẹ́ríkà, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń yọ̀ sí.

Kí wá ni ṣíṣe? Èmi kò ní kí ẹ dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí owó òkè-òkun. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan ìtàn kan: Mọremí ní Ifẹ̀, tàbí Ọ̀rànmíyàn tí òpó òkúta rẹ̀ dúró nínú ìlú wa, tàbí ìjàpá pàápàá. Kí ọmọ tí ó bá lè ya àwòrán yà á. Kí èyí tí ó mọ̀ ọ́n kọ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Kí olùkọ́ sì jókòó pẹ̀lú wọn láti fi àmì ohùn sí orí gbogbo ọ̀rọ̀, kí olórí má ba à di olorì. Ọmọ tí ó bá ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè bí a ti ń kí aya ọba, bí a ti ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, irú ìko tí àwọn ará Ìgbò fi bora. Nínú ìbéèrè wọ̀nyí ni ìtàn yóò ti tún fìdí múlẹ̀.

Bí ọmọ kan bá sì mú Iyanu wá sí kíláàsì, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbé e síta. Ẹ ní kí kíláàsì túmọ̀ ojú ewé kan ṣoṣo sí Yorùbá, kí wọ́n sì jiyàn lórí orúkọ àwọn ẹranko ègún náà títí wọn yóò fi rí èyí tí ó tọ́. Ní ọjọ́ yẹn ni ìwé Okupe yóò di tiwa ní tòótọ́, nítorí pé a ti fi ẹnu wa sọ ọ́. Bóyá nínú àwọn ọmọ tí ń jiyàn náà ni a ó sì ti rí ẹni tí yóò kọ òmíràn tí àwọn ará Amẹ́ríkà yóò wá túmọ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Sáà ẹ̀kọ́ tuntun kò jìnnà, ìwé ìkọ̀wé kò sì wọ́n lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀.